Ọ̀nà Ọ̀fẹ́ Laurel Tó Sọ Mí Di Ẹni Tí Kò Mọ Èèyàn Kí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún yín. Kì í ṣe pé ẹnìkan ló sọ ọ́ fún mi o, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí, ní Maryland níbí.

Lánàá, ọ̀kan nínú yín kọ ọ́ síbí pé data òun ti tán, pé òun ò lè pe ìyá òun ní fídíò, pé ìyà ń jẹ òun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyà? Ìwọ tó ò ń rí ojú ìyá ẹ nínú fóònù, tó o tún ń rí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná lẹ́yìn wọn? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí.

Ìgbà tí internet ò tíì wọ ilé àwọn èèyàn ni mò ń sọ. Capitol Heights ni mò ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan àti pálọ̀, mo sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Cheverly. Fóònù tí a ní, ara ògiri ló ń gbé. Tí o bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí o fẹ́ lọ wo ìrẹsì tó wà lórí iná, ibi tí okùn rẹ̀ bá gùn dé lo lè rìn dé.

Ọkùnrin kan wà tí mò ń fẹ́, Gbóyèga lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, Laurel ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ẹ mọ irú wọn. Tó bá wọ yàrá kan, iná tí ẹnikẹ́ni ò lò ló máa kọ́kọ́ pa kó tó kí àwọn tó bá níbẹ̀. Mi ò sọ pé ahun ni o. Ó lawọ́ sí èèyàn gan-an. Ìfiṣòfò ló kórìíra, àfi bí ẹni pé ìfiṣòfò ti lu ìyá rẹ̀ rí.

A ti fẹnu kò pé a máa fẹ́ra. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí a fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ìyẹn ìyá Gbóyèga. Màmá ti Ìbàdàn wá sí Baltimore, sílé Àǹtí Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n Gbóyèga obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n wá bá a wẹ ọmọ. Kí Màmá tó padà sílé, wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tí ọmọ wọn fẹ́ mú wọlé. Gbóyèga sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ohun tí Màmá bá sọ ni Bàbá ní Ìbàdàn máa tẹ̀ lé, àti pé òun ò lè fẹ́ obìnrin tí àwọn òbí òun ò fọwọ́ sí. Mo fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀. Àyà mi sì ń já.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n ò wọ mọ́tò lọ sí Baltimore lọ kí wọn? Mọ́tò wo? Mi ò ní mọ́tò. Iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe pọ̀, yìnyín ń bọ́ bí ẹni da ìyẹ̀fun sílẹ̀, Màmá náà ò sì lè gbé ọmọ tuntun jáde nínú òtútù. Fóònù ló kù.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe Màmá, mo rò pé a máa sọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Mo kí wọn, wọ́n kí mi. Wọ́n bi mí bóyá mo jí dáadáa, mo bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Wọ́n béèrè àwọn òbí mi, àwọn àbúrò mi, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, títí kan àwọn aláìsàn tí mò ń tọ́jú. Èmi náà béèrè ìyálọ́mọ, mo béèrè ọmọ, mo béèrè bàbá ọmọ, mo béèrè Bàbá ní Ìbàdàn àti gbogbo ará àdúgbò. A ò tíì sọ nǹkan kan o, ìkíni la ṣì ń kí! Nígbà tí bíìlì fóònù dé níparí oṣù, mo wá àga fìdí lé kí n tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ó yẹ kí n ṣàlàyé. Nígbà náà, tí o bá pe ẹni tó wà ní agbègbè rẹ, ìpè náà wà lára owó oṣù, ẹ lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n tí o bá pe ẹni tó wà ní agbègbè mìíràn, ìpè ọ̀nà jíjìn nìyẹn, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ owó. Capitol Heights wà lọ́dọ̀ àwọn Washington. Baltimore dá dúró ní tirẹ̀. Mo lè pe ẹni tó wà ní Virginia lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì lè pe Baltimore tó wà nínú Maryland kan náà pẹ̀lú mi. Ta ló pín in bẹ́ẹ̀? Mi ò mọ̀.

Laurel wá dà bí àdán, tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ. Ó wà ní ẹnu ààlà. Ẹni tó bá ń gbé Laurel lè pe Washington lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè pe Baltimore lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì rántí ẹni tó ń gbé Laurel.

Gbóyèga àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé ní Nigeria ti so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ nípasẹ̀ fóònù. Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní modem, òun ló ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, lẹ́yìn náà á dákẹ́, lẹ́tà á sì máa lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní Houston, wọ́n wà ní Atlanta. Kọ̀ǹpútà Gbóyèga ló ń gba lẹ́tà gbogbo wọn jọ, á dì í pọ̀ lójú kan, á wá fi ìpè kan ṣoṣo fi í ránṣẹ́, kí owó má baà pọ̀.

Ọjọ́ tó rí bíìlì mi, ojú rẹ̀ tàn bíi ti ọmọ tó rí àkàrà.

“Fúnmi, kí ló dé tó ò tètè sọ? Capitol Heights sí Laurel, local call. Laurel sí Baltimore, local call. Ìwọ máa kọ lẹ́tà sí mi, machine mi á gbé e fún Dúpẹ́, Dúpẹ́ á kà á fún Màmá. Ọ̀fẹ́ ni, from start to finish.”

Ó gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá fún mi, ó gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń jẹun. Láti ìgbà náà lọ, orí itan ni mo ń gbé abọ́ mi lé jẹun. Ọkọ Àǹtí Dúpẹ́ ti ní tirẹ̀ tó fi ń kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fẹ́ ṣí láàrin èmi àti ìyá ọkọ mi lọ́la.

Lẹ́tà mi àkọ́kọ́, mo fara balẹ̀ kọ ọ́ bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn, ẹ kú òtútù ilẹ̀ yìí. Mo ní ṣé ara ìyálọ́mọ ti ń mókun. Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni mo wá bi wọ́n bóyá ẹja tútù ni wọ́n fẹ́ràn àbí ẹja gbígbẹ, nítorí mo fẹ́ se ọbẹ̀ fún wọn tí òtútù bá rọlẹ̀. Mo fi “èmi ọmọ yín, Fúnmi” parí rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní tí Màmá bá gbọ́ èyí, wọ́n á mọ̀ pé ilé ire ni mo ti jáde.

Ìdáhùn dé lọ́jọ́ kejì. Mo sáré jókòó. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni: “Gbígbẹ.”

Gbígbẹ! Kò sí “o ṣeun ọmọ mi”. Kò sí “kú iṣẹ́”. Gbígbẹ.

Mo ní kò burú, bóyá ọmọ ló ń ké lọ́wọ́. Mo tún kọ òmíràn, mo tún ìkíni ṣe, mo fi kún un. Ìdáhùn dé: “Ìlú wo ni bàbá rẹ?” Mo fèsì pé Ìsẹ́yìn ni, mo sì fi ìkíni àwọn òbí mi ránṣẹ́ sí wọn. Ìdáhùn dé: “Ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí?” Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìyá ọkọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí àwọn tó ń tẹ ìwé ìrìnnà lóǹtẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú?

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Ìsẹ́yìn, tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí aláàárù, kí ló dé tí obìnrin yìí ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀? Àmọ́ mo ní sùúrù ni baba ìwà. Bí Màmá bá ṣe gé tiwọn kúrú sí ni èmi ń fa tèmi gùn sí. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ìkíni kún ojú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì jẹ́ ìlà kan péré nísàlẹ̀. Ìdáhùn tó padà wá fún ìyẹn ni “Rárá.”

Kí ló dé tí n ò sọ fún Gbóyèga? Ta ní í fẹjọ́ ìyá sun ọmọ rẹ̀? Tí mo bá sọ pé ìyá rẹ̀ ò mọyì mi, yóò di pé èmi ni mo fẹ́ ya ìyá àti ọmọ kí n tó wọlé. Mo pa ẹnu mi mọ́. Gbóyèga á pè mí, á ní ṣé lẹ́tà ń dé dáadáa, màá ní ó ń dé dáadáa. Á ní ṣé mo rí i báyìí bí owó ṣe ń dúró lápò, màá ní mo rí i. Nígbà tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, màá sunkún díẹ̀, màá wọ aṣọ nọ́ọ̀sì mi, ó di Cheverly.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Màmá padà sílé, Gbóyèga ní wọ́n ń bọ̀ ní Laurel lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú Àǹtí Dúpẹ́ àti ọmọ, pé kí n wá kí wọn. Ó ń yọ̀. Mo se ọbẹ̀, mo fi ẹja gbígbẹ sí i, mo fi aṣọ we ìkòkò náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi gba Route 1 dé Laurel. Gbogbo bí a ṣe ń lọ ni mo ń sọ fún ara mi pé tó bá jẹ́ èmi ni wọn ò fẹ́, kò ní jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ mi ló kù díẹ̀ káàtó.

Mo wọlé. Màmá jókòó sórí àga, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wé gèlè dúdú, jígí wà lójú wọn. Àǹtí Dúpẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ọmọ. Mo gbé ìkòkò sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mà, ẹ kú làálàá. A ò ní fi ibi san án o. Ẹ kú àárò ilé. Ṣé ara Bàbá le lọ́hùn-ún?”

Màmá yọ jígí kúrò lójú. Wọ́n wò mí. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

“Dúpẹ́, ta nìyí?”

“Fúnmi ni, Màmá.”

“Fúnmi wo? Fúnmi tó ń kọ̀wé sí mi? Ṣé Fúnmi méjì ni Gbóyèga ń fẹ́ ni?”

Mi ò tíì mọ èyí tí mo fẹ́ dáhùn nínú rẹ̀ tí Màmá fi nawọ́ sí mi. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní mo kú iṣẹ́, mo kú ìdúró ti àwọn aláìsàn, Ọlọ́run tí mò ń bá tọ́jú ọmọ rẹ̀ á tọ́jú tèmi. Wọ́n béèrè oríkì mi, mo ní Àjọkẹ́. Wọ́n fi Àjọkẹ́ kí mi, wọ́n kí bàbá mi, wọ́n kí ìyá tó bí mi. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ṣé ẹni tó kọ “Gbígbẹ” sí mi nìyí?

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo ní, “Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ mọ̀ ọ́n kí èèyàn báyìí, kí ló dé tí ẹ ò kí mi rí nínú lẹ́tà?”

“Èmi?” Màmá dìde lórí àga. “Èmi ni n ò kí ẹ? Ìwọ tó ò ń kọ̀wé sí mi bí ọlọ́pàá? ‘Ẹja tútù àbí gbígbẹ? Fúnmi.’ Mo ní ọmọ ta ni èyí? Mo ní ṣé wọn ò ní ìyá nílé wọn ni?”

“Màmá, mo kí yín! Ìkíni mi gùn ju lẹ́tà lọ!”

Àǹtí Dúpẹ́ gbé ọmọ sí èjìká kejì. “Wait o. Èmi tí mò ń type ti Màmá, ìka ń ro mí. Gbogbo àdúrà yẹn, line by line, nígbà tí ọmọ ń ké. Fúnmi, o ò rí i?”

“Mi ò rí nǹkan kan, Àǹtí.”

Ní igun pálọ̀, kọ̀ǹpútà Gbóyèga ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú. Gbóyèga dìde jẹ́jẹ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìrẹsì lórí iná. Kò sí ìrẹsì kankan lórí iná.

“Gbóyèga,” Màmá ní, “padà wá.”

Ó padà wá. Ó ní kí a jẹ́ kí òun ṣàlàyé. Ṣé ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Houston àti Atlanta? Ìpè tiwọn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ owó. Ó wá jókòó lọ́jọ́ kan, ó yẹ ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ wò, ó rí i pé kí ọmọ Yorùbá tó dé orí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, ìpè ti fẹ́ parí.

“Mo wá kọ program kékeré kan. Onígbàjámọ̀ ni mo pè é. Tí line kan bá start with ẹ kú, o kú tàbí o ṣeun, tàbí ṣé ara, tàbí Ọlọ́run á, tàbí èmi ọmọ yín, ó máa fá a kúrò kí lẹ́tà tó lọ. Màmá, bill Houston já wálẹ̀ straight.”

“Ò ń fá ìkíni?” Màmá béèrè.

“Information ò sí nínú ẹ̀, mà. Gbogbo èèyàn mọ ohun tó máa wà níbẹ̀.”

“Àdúrà ńkọ́?”

“Àdúrà náà, mà.”

“Àdúrà tí mo gbà fún ọmọ ọlọ́mọ, ibo lo kó o sí?”

Gbóyèga wolẹ̀. “Ó ti delete, mà.”

Àǹtí Dúpẹ́ ní, “Ṣùgbọ́n Baltimore ò jẹ owó. O ní ọ̀fẹ́ ni. Kí lo wá ń fá tiwa sí?”

Ó ní Onígbàjámọ̀ ò mọ ìyàtọ̀ láàrin Baltimore àti Houston, pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo lẹ́tà ń gbà. Ó ní òun rò pé kò sẹ́ni tó máa ṣe àárò rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni tó rò bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí o! Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n mí nínú. Gbogbo omijé tí mo sun ní Capitol Heights, onígbàjámọ̀ ló fà á.

Màmá ò rẹ́rìn-ín rárá. “O jókòó sáàrin èmi àti ìyàwó mi, ò ń gé wa lẹ́nu,” ni wọ́n sọ.

Mo gbọ́ “ìyàwó mi” yẹn dáadáa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Kò parí. Màmá padà jókòó, ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀ kò ṣeé kó mọ́. Wọ́n ti pe Bàbá ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti sọ fún wọn pé ọmọ tí Gbóyèga rí ò mọ èèyàn kí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, nítorí wọ́n ń ṣọ́ owó ọkọ Àǹtí Dúpẹ́. Bàbá ní kò burú, ọ̀rẹ́ àwọn kan ní ọmọbìnrin kan tó ti jáde ní yunifásítì, àwọn á lọ bá bàbá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Àìkú yẹn, ọ̀la ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí àgbà méjì bá ti jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, tí wọ́n jọ mu omi sí i, kò ṣeé yí padà láìsí ìjà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Gbóyèga ní bóyá kí a dúró di alẹ́, pé owó ìpè máa ń dínkù lálẹ́. Màmá wò ó.

“Tí ilẹ̀ bá ṣú níbí, ṣé bàbá ẹ ò ní ti sùn ní Ìbàdàn? Gbé fóònù wá.”

Bàbá ò ní fóònù nílé. Ilé oníkẹ́míìsì tó kọjú sí ilé wọn ni wọ́n ń pè. A tẹ nọ́ńbà náà títí, kò wọlé. A tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wọlé, oníkẹ́míìsì fúnra rẹ̀ ló gbé e, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí kí i. Wọ́n kí i kú ọjà, wọ́n béèrè ìyàwó rẹ̀, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè orúnkún ìyá rẹ̀ tó ń dùn ún. Gbóyèga dúró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Bọ́ aago yẹn,” Màmá ní, wọn ò tilẹ̀ yíjú sí i. Ó bọ́ ọ, ó fi í sápò.

Oníkẹ́míìsì gbé fóònù kalẹ̀, ó sọdá lọ pe Bàbá. A kò gé e. Àwa mẹ́rin kó orí jọ sí ibi fóònù náà ní Laurel, à ń gbọ́ Ìbàdàn. Ẹnìkan ń ná oògùn ibà. Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ẹnìkan ń béèrè ta ló gbé ìjókòó òun. Gbóyèga ń wo ògiri bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá dé. Ohùn wọn ròkè, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń pariwo sínú fóònù nígbà náà, bí ẹni pé ariwo ló máa gbé ọ̀rọ̀ sọdá òkun. Màmá ṣàlàyé, wọ́n bá Gbóyèga wí lójú wa nínú àlàyé náà, wọ́n ní àwọn ló ṣìnà kì í ṣe ọmọ náà. Bàbá ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá ò rí mi, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀ ni. Ẹni tó ti ní òun ò fẹ́ mi ni mo fẹ́ kí yìí, kò sí ohun mìíràn tí mo ní láti fún wọn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà.”

“Hòo.”

“Ẹ kú ilé sà. Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ẹ kú àmójútó ilé.”

“Hòo. O ṣeun.”

“Ẹ kú àárò Màmá sà.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí ìyàwó àwọn ti lọ, gbogbo èèyàn ló ń kí àwọn kú orí ire ọmọ-ọmọ, kò sẹ́ni tó rántí kí àwọn kú àárò. Wọ́n ní ilé ti tutù jù. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọn ò pariwo mọ́. Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ ọ, wọ́n fi etí gèlè nu ojú.

Bàbá bi mí ní ìlú mi, mo ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n fi oríkì ìlú kí mi, wọ́n ní ọmọ Ẹbẹdí, o káre. Mo tún kí wọn, wọ́n tún dá mi lóhùn, mi ò mọ bí a ṣe pẹ́ tó. Wọ́n wá ní kí n gbé fóònù fún ọkọ mi. Ọkọ mi ni wọ́n wí.

Gbóyèga gbà á, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí. Ohun tí Bàbá sọ fún un, gbogbo wa ló gbọ́ ọ: “A ó dé Ìsẹ́yìn.” Lẹ́yìn náà, láìnì já.

Wọ́n dé Ìsẹ́yìn lóòótọ́. Bàbá fúnra wọn ló ṣáájú ẹbí lọ, wọ́n sì sọ fún bàbá mi pé ọmọ tí ẹ tọ́, inú fóònù la ti rí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí bíìlì ìpè yẹn dé Laurel, Gbóyèga san án. Kò sọ iye rẹ̀ fún mi títí di òní, mi ò sì bi í. Onígbàjámọ̀ sì lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó yọ ọ́ kúrò, àwọn ará Houston sì bẹ̀rẹ̀ sí rí “ẹ kú iṣẹ́” padà.

Ó yẹ kí n fi ibẹ̀ parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ohun kan kù. A ò tíì rí àyè lọ sílé, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, nígbà tí Bàbá di olóògbé. Mi ò rí ojú wọn rí. Mi ò bu oúnjẹ fún wọn rí. Gbogbo ohun tó wà láàrin èmi àti bàbá ọkọ mi láyé yìí, ìkíni ni. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, hòo. Ẹ kú àárò, ẹ̀rín. Tí ọjọ́ burúkú bá dé bá mi, ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń rántí, ó sì máa ń dùn mí, ó sì máa ń gbé mi ró.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ṣọ́ owó yín o, mi ò ní kí ẹ má ṣọ́ ọ. Òṣì ò dára, ọgbọ́n tí Gbóyèga lò nípa Laurel sì dára. Àmọ́ ohun tí o bá fẹ́ gé kúrò nítorí pé ó gùn, kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín bóyá òun ló ń gbé e ró. Èmi ti kọ́ tèmi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ní àáwọ̀ pẹ̀lú àna nítorí fóònù rí? Ta ló rántí ohùn ẹnìkan tí kò rí ojú rẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí a jọ kà á. Ẹ fara balẹ̀ kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń ka ìṣẹ́jú mọ́ yín lórí.